Bí Àbàtà Ṣe Gba Òdo Lọ́wọ́ Ọ̀gá Pátápátá

Orúkọ tí ìjọba kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọkùnrin náà ni "Ọ̀gá Àgbà, Ètò Ìlò Ilẹ̀". Orúkọ náà kò kún un lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n fi "Pátápátá" parí rẹ̀. Káfíńtà gé pátákó tuntun, pátákó náà sì gùn débi pé bí wọ́n bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn ló ń họ ògiri. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń pè é ní Ọ̀gá Pátápátá. Níwájú rẹ̀, wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe.

Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀ kí ìtàn tó gbóná. Kò jalè, kò na ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ó gbà tọkàntọkàn pé nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni ayé ń dára sí i. Bó bá wọlé láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà. Á bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, á sì ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, nítorí èsì kò sí lára ohun tó ń béèrè. Akọ̀wé rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e, á gbé báàgì rẹ̀ dání. Ọkùnrin tínrín, ọlọ́rùn gígùn ni Akọ̀wé yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, tó ń fi orí mì lójoojúmọ́ ti wọ ọ́ lára débi pé bó bá dá jókòó nílé tó ń jẹun, orí náà á ṣì máa mì sí àwo, bí ẹni pé àwo ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àṣẹ tuntun ti òkè wá. Àṣẹ náà sọ pé kí ìlú tó pín ilẹ̀ rẹ̀, kó tó ní ibí la ó kọ́lé sí, ọ̀hún la ó dáko sí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ náà lé ìwọ̀n. Kí ni ilẹ̀ yìí ti ń ṣe fún àwọn ènìyàn látẹ̀yìnwá láìgba owó oṣù? Ṣé ó ń gba òjò dúró kó má baà wọ yàrá wọn? Ṣé ó ń sẹ́ omi kànga wọn? Ṣé ẹja ń yé síbẹ̀, ṣé oyin ń ti ibẹ̀ lọ sórí òdòdó inú oko, ṣé igi ibẹ̀ ń fún ìlú ní ìtura? Kí wọ́n fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Èyí tí máàkì rẹ̀ bá kéré, wọ́n lè kọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sí i. Èyí tí máàkì rẹ̀ bá ga ju gbogbo ìyókù lọ, ó ti di ti gbogbo ìlú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ odi yí i ká mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé orí rẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá ka àṣẹ náà títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Ọ̀gá Àgbà ni yóò fọwọ́ sí i." Ibẹ̀ ló ti kà á tán. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní nǹkan kan tí wọn ó fọwọ́ sí.

Ó pe àpéjọ. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ń fi bébà fẹ́ ara wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "kí wọ́n tó bí mi, ilẹ̀ ti wà. Ṣùgbọ́n ṣé ilẹ̀ mọ̀ pé òun wà? Kò mọ̀. Ta ló bá a sọ ọ́ rí? Kò sí. Lónìí, èmi dìde dúró láti fi tó ilẹ̀ létí pé ó wà."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù náà pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá máa ń tètè parí bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ náà, kò tètè parí.

Ohun tí ọ̀gá fẹ́ ṣe kò fara sin. Àbàtà ńlá kan wà nísàlẹ̀ ìlú. Ọ̀gá fẹ́ kó yanrìn dí i, kó sì kọ́ gbọ̀ngàn àpérò sórí rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà yóò gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ènìyàn, àga gbogbo wọn ni yóò sì kọjú sí ẹnì kan ṣoṣo. Ìgbéléwọ̀n yìí ló kù kó gbà á láyè.

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì náà tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti omi ní yunifásítì. Onímọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n rán. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó wọ inú àbàtà lọ nígbà òjò, ó tún padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó bu omi kànga àwọn ará ìsàlẹ̀ wò, ó jókòó ti àwọn apẹja, ó wo ibi tí omi òjò ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Nígbà tó ṣe tán, ó mú èsì rẹ̀ wá bá ọ̀gá.

"Sà, àbàtà ló gba máàkì tó ga jù," ló wí. "Àbàtà ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Ta ló gbà á síṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó gbà á, sà. Bó ṣe wà nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, inú rẹ̀ ni gbogbo omi náà ń rọ́ sí, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá kó yanrìn dí i, omi yẹn ò ní tìtorí pé a kọ́lé kó padà sókè. Inú yàrá àwọn ará ìsàlẹ̀ ló máa gbà."

"Ṣé o mọ̀ pé mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ níbi ṣíṣí gbọ̀ngàn náà?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an."

"Mo gbà yín gbọ́, sà."

Ọ̀gá fi ìka gbá tábìlì fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, pé èló ni ọgbà ilé òun gbà. Ọgbà náà ló wà ní ìta ilé rẹ̀: koríko tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó wá, tí wọ́n ń gé bí irun orí, àti ẹ̀rọ kan tó ń tu omi sókè tó tún ń gbé e mì.

"Méjì nínú ọgọ́rùn-ún, sà."

"Méjì."

"Igi àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé gba ọ̀kan. Àwọn ẹyẹ orí rẹ̀ gba ìkejì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀rọ̀ àbàtà kò dun ọ̀gá tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ máàkì méjì yìí ló wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó délé, kò jẹun. Ó lọ dúró sí ojú fèrèsé, ó ń wo koríko rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú ọmọ rẹ̀ níta.

"Bàbá wọn, kí ló dé?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Àìmọ̀kan ló ń da ayé láàmú."

Ní ọjọ́ kejì, ó ní iṣẹ́ Onímọ̀ dára, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀ jù, nítorí ilẹ̀ ló ti ṣe é. Ó yan ìgbìmọ̀ tuntun tí yóò tún ilẹ̀ gbé lé ìwọ̀n láti ibi gíga. Akọ̀wé ni alága. Onímọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọ́n lóde, ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, ó sì ti rí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé wọn lọ. Ó gba èsì rẹ̀ padà, ó lọ jókòó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti ṣe ìwọ̀n tí òun lè ṣe. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Ìgbìmọ̀ náà kò wọ àbàtà. Wọ́n jókòó sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú kó tutù, wọ́n fa aṣọ fèrèsé bo ojú fèrèsé kí ìta má baà dí wọn lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àbàtà," ni Akọ̀wé wí. "Kí ló ń ṣe fún wa?"

"Ẹ̀fọn ibẹ̀ jẹ mí lọ́dún tó kọjá," ni ẹnì kan wí.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ ń pariwo," ni ẹlòmíràn wí.

Wọ́n fún àbàtà ní òdo. Ẹnì kan béèrè bóyá wọn ò lè fún un ní ohun tó kéré sí òdo, olùṣírò ìgbìmọ̀ náà ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn ṣàánú.

Akọ̀wé wá dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká má ṣe ojúsàájú. Ilẹ̀ wo nínú ìlú yìí ló ń ṣe iṣẹ́ jù? Ẹ rò ó wò. Níbo ni ọ̀gá wa ti ń rí ìsinmi tó fi ń ronú fún wa? Orí koríko wo ló ń tẹ̀ kó tó wá sí ọ́fíìsì? Bí ọgbà náà kò bá sí, ṣé a ó ní ọ̀gá? Bí a kò bá ní ọ̀gá, ṣé a ó ní ilẹ̀?"

Wọ́n fún ọgbà ọ̀gá ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ní ọgọ́rùn-ún kéré, pé ó fẹ́ jọ ìwọ̀sí. Olùṣírò ní ọgọ́rùn-ún ni òpin. Wọ́n ní kó lọ tún un rò.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ fọwọ́ sí i, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó kà á sókè: àbàtà, òdo, ọgbà òun, ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó dé ìdí ọgọ́rùn-ún náà, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń gbọ́ irú rẹ̀ láyé wọn.

Onímọ̀ na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Sà, ṣé ẹ ti ka àṣẹ náà dé òpin?"

"Èmi ni òpin rẹ̀," ni ọ̀gá wí, ó sì fọwọ́ sí i.

Kò pẹ́ tí típà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sínú àbàtà. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni obìnrin alágbàfọ̀ kan ń gbé, opó ni, kànga ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló fi ń fọ aṣọ oníbàárà, etí àbàtà ló sì ń sá a sí. Lọ́sẹ̀ tí típà dé, omi kànga rẹ̀ yí padà, ó di pupa. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi tó máa ń wọ àbàtà bá yanrìn lọ́nà, ó sì yà. Ó ti ẹnu ọ̀nà obìnrin náà wọlé, ó gbé aṣọ oníbàárà láti orí àga, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Obìnrin náà rí aṣọ funfun tó ń léfòó lọ lójú títì, ó sáré tẹ̀ lé e nínú ẹrẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ilé dé ilé ní ìsàlẹ̀ náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé ẹnu géètì Ọ̀gá Pátápátá, pẹ̀lú òòlù ńlá àti ọkọ̀ ìwólé. Ọ̀gá rí wọn láti ojú fèrèsé. Ó rò pé wọ́n wá gbé ère òun kalẹ̀ ni. Ó wọ aṣọ ńlá, ó jáde, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ipa tí ọgbà kó nínú ìlọsíwájú ọmọ aráyé. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà fi fìlà sọ́wọ́, ó dúró títí ọ̀rọ̀ fi parí. Ọmọlúàbí ni.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ló wí. "Ògiri wo ni kí a kọ́kọ́ wó?"

Wọ́n fi ìwé hàn án. Ilẹ̀ tó gba máàkì tó ga jù ti di ti gbogbo ìlú. Wọn ó wó odi lónìí. Wọ́n fún ẹbí rẹ̀ láyè títí di oṣù tó ń bọ̀ láti kó kúrò nínú ilé. Ọ̀gá wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó rí i pé ẹni tó fọwọ́ sí i ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára púpọ̀: òun gan-an ni.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìlú ti wọlé. Àwọn arúgbó wá jókòó sórí koríko. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú omi ẹ̀rọ. Alágbàfọ̀ kó aṣọ wá, ó ta okùn láti òpó géètì dé òpó iná, ó sá aṣọ sí i. Ìyàwó ọ̀gá jáde lọ bá a, ó fẹ́ lé e. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó padà wọlé, ó sì gbé àga jáde fún un.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Ta ló máa sọ fún yín?" ni alágbàfọ̀ wí. "Odi yín ga."

Akọ̀wé wá kí ọ̀gá kú ewu. "Ọ̀gá, ẹ tújú ká. Kò tíì sí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gba ọgọ́rùn-ún rí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí inú ọ̀gá kò dùn sí ohun tí Akọ̀wé sọ.

Ó kọ̀wé sókè pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n rán adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì wá, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, láti jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti gba ilé padà: kí ọ̀gá fi hàn pé ọgbà òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èsì kan ṣoṣo ló sì wà láyé tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó rìn lọ sí yàrá Onímọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dìde. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọn ò sì mọ ohun tí wọn ó fi ọwọ́ wọn ṣe.

"Máàkì méjì yẹn," ló wí, "ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ti ọgbà yín, mo máa ka ti àbàtà pẹ̀lú. Ìwé kan náà ni."

"Àbàtà kò sí nínú ẹjọ́ mi."

"Ó wà nínú ìwé mi, sà. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí omi wọ ilé wọn, mo mọ ojú wọn."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, gbọ̀ngàn ìlú kún. Onímọ̀ ka èsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí àbàtà ṣe ń gba omi, bó ṣe ń sẹ́ kànga, ẹja tó ń yé síbẹ̀, àti iye ilé tí omi máa wọ̀ bí wọ́n bá dí i. Àwọn ará ìsàlẹ̀ fetí sílẹ̀. Ó tún sọ pé òun mọ èyí kí típà tó dé, òun sì dákẹ́. Adájọ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó wá kan ọ̀gá. Ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀rọ̀ tó dùn jù tí ọkùnrin yìí sọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Adájọ́ ọlọ́lá," ló wí, "ẹ wo koríko mi. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, òjò á sá kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Oyin tó bà lé e, ebi ló gbé e padà. Ẹ̀rọ tó ń tu omi, omi ìlú ló ń fà, kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kán. Mo ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mi ò tíì rí ẹ̀dá kan tí ọgbà náà ṣe lóore. Mo fi iyì mi búra: ilẹ̀ náà kò wúlò, kò wúlò rí, kò sì ní wúlò láé."

Àwọn kan ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ nítorí ó ti mọ́ wọn lára.

"Ó yé mi," ni adájọ́ wí. "Ta ló wá fún un ní ọgọ́rùn-ún?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

Adájọ́ wo alága ìgbìmọ̀. Akọ̀wé dìde. Orí rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló ń mì sí, ó mì í sí ọ̀tún, ó mì í sí òsì. "Adájọ́ ọlọ́lá, ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ la máa ń kọ. Ọ̀gá fúnra wọn ló fọwọ́ sí i."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ohun tí ẹ fọwọ́ sí bá jẹ́ òótọ́, ilé ti di ti ìlú, ẹ ṣì wà lórí àga yín. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ gba ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ ò lè jókòó sórí àga náà mọ́ láti òní lọ. Èwo ni nínú méjèèjì?"

Ọ̀gá ronú nípa pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ronú nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tò láàárọ̀, àti gbọ̀ngàn tí àga gbogbo ènìyàn yóò kọjú sí i. Ó wẹ̀yìn, ó wá ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò. Inú àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ti rí i, ẹ̀gbẹ́ alágbàfọ̀ ló jókòó sí. Obìnrin náà kò mi orí sí i, kò sì yí ojú kúrò. Ó kàn ń dúró de ohun tí ọkọ òun yóò sọ, bí àwọn yòókù.

Ọ̀gá yí padà sí adájọ́.

"Irọ́ ni," ló wí.

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbangba.

Bó ṣe parí nìyẹn. Àbàtà gba máàkì rẹ̀ padà, ó di ti ìlú. Ó gbà wọ́n lọ́pọ̀ oṣù kí wọ́n tó kó yanrìn kúrò, wọn ò sì kó gbogbo rẹ̀ tán. Apá kan wà tí koríko omi kò hù mọ́ títí di òní. Kànga alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bá Onímọ̀ wí nítorí pé ó dákẹ́, wọ́n sì ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí inú ẹrẹ̀. Ọ̀gá tuntun dé. Akọ̀wé ló ń gbé báàgì rẹ̀.

Ọkùnrin tiwa gba ilé rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a tún odi mọ. Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ṣì ń wá sá aṣọ, torí etí àbàtà kò tíì gbẹ, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá wọn jókòó, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín. Òun wà nínú ilé. Kò sẹ́ni tó ń kí i láàárọ̀. Nígbà míì, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń bi ògiri bóyá ó sùn dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wọ aṣọ ńlá rẹ̀, ó jáde sórí koríko, ó dúró láàárín àwọn ènìyàn náà, ó sì wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin náà gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, aṣọ ńlá náà sì ṣí gbàgàdà bí ìyẹ́ ẹyẹ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí.

"Bàbá," ni alágbàfọ̀ wí pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ dí atẹ́gùn mọ́ aṣọ."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ kò, ó sì sún.